SysInfoCap, esif_uf, jhi_service: ta ló ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ kọ̀ǹpútà tí a kò pè?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun ni, Windows 11 ti wà nínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Bùráúsà nìkan ni mo fi kún un. Mo ṣí Task Manager, mo bá àwọn orúkọ tí mi ò mọ bàbá wọn: SysInfoCap.exe, esif_uf.exe, jhi_service.exe, àti RtkAudUService64.exe tí ó ju ẹyọ kan lọ. WMI Provider Host náà ń jẹ CPU, nígbà mìíràn ó máa ń tó ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, fáànù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mo tẹ End task, kò tó ìṣẹ́jú kan tí àwọn kan fi padà. Antivirus ní kò sí nǹkan. Ṣé fáírọ́ọ̀sì ni, àbí wọ́n ń ṣọ́ mi? Ṣé kí n pa gbogbo wọn rẹ́ ni, àbí kí n fi Windows tuntun bò ó mọ́lẹ̀? Ìdáhùn tí mò ń rí kiri ń ta ko ara wọn.

* * *

Ẹ fi orúkọ yẹn sílẹ̀ ná. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, orúkọ kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹnikẹ́ni ló lè sọ fáìlì tirẹ̀ ní svchost.exe, orúkọ fáìlì Windows gidi kan. Fáìlì mìíràn sì wà tí orúkọ rẹ̀ dà bí ọfọ̀, tó jẹ́ pé ti ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ ohùn yín ni. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ bi í: níbo lò ń gbé, òǹtẹ̀ ta ló wà lára rẹ, ta ló jí ọ?

Ibùgbé rẹ̀ kọ́kọ́. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, ẹ lọ sí Details. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ ibi tí wọ́n kọ Name sí lókè, ẹ mú Select columns, ẹ máàkì Image path name àti Command line. Ọ̀nà tí fáìlì kọ̀ọ̀kan ti wá á hàn kedere. Ojúlówó svchost.exe kì í gbé ibòmíràn ju C:\Windows\System32 tàbí SysWOW64 lọ. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn dráífà (ètò tó ń jẹ́ kí Windows bá ara ẹ̀rọ sọ̀rọ̀) máa ń wà ní C:\Windows\System32\DriverStore\FileRepository. Àwọn ètò ilé iṣẹ́ sì máa ń wà nínú Program Files tàbí WindowsApps. Èyí tí ẹ bá rí tó ń ṣiṣẹ́ láti inú Temp tàbí C:\Users\Public, òun ni kí ẹ fura sí. AppData nìkan kò tó láti dá a lẹ́bi, torí ọ̀pọ̀ ètò gidi ló ń gbé ibẹ̀.

Òǹtẹ̀ ló kàn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n á ṣí Properties, wọn ò ní rí Digital Signatures, wọ́n á pariwo pé fáírọ́ọ̀sì rèé. Ẹ wo notepad.exe tó wà nínú System32: bẹ́ẹ̀ náà ni tirẹ̀ rí, kò sì sí ẹni tó ń lé e. Òǹtẹ̀ irú fáìlì bẹ́ẹ̀ kò sí lára òun fúnra rẹ̀, inú fáìlì .cat kan ni wọ́n kọ ọ́ sí. Pàápàá jù lọ, àwọn fáìlì inú DriverStore máa ń rí báyìí. PowerShell, ibi tí a ti ń kọ àṣẹ fún Windows, lè rí i:

Get-AuthenticodeSignature "C:\ọ̀nà\fáìlì.exe" | Format-List Status, SignerCertificate

Tó bá sọ pé Valid, ẹ ka orúkọ tó wà nínú SignerCertificate. NotSigned túmọ̀ sí pé kò ní òǹtẹ̀ rárá. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣe ìwádìí sí i. HashMismatch ni kí ẹ bẹ̀rù: wọ́n ti fọwọ́ kan fáìlì náà lẹ́yìn tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀ rẹ̀. Ẹ yọ íntánẹ́ẹ̀tì kúrò lára ẹ̀rọ náà kí ẹ tó ṣe ohun mìíràn.

Ẹni tó jí i:

Get-CimInstance Win32_Process | Select-Object Name, ProcessId, ParentProcessId, ExecutablePath

Ẹ wo nọ́ńbà ParentProcessId, kí ẹ wá ẹni tó ni ín. Tó bá jẹ́ services.exe, service ni (ètò tí Windows ń gbé ró lábẹ́lẹ̀), ẹ wá a nínú services.msc. Tó bá jẹ́ svchost.exe tó ń gbé Schedule, inú Task Scheduler ni. Tó bá jẹ́ explorer.exe, ó wá láti Startup, tàbí ẹ̀yin fúnra yín lẹ tẹ̀ ẹ́. Tí ẹ kò bá rí òbí rẹ̀ mọ́, òbí náà ti jí i tán, ó ti bá tirẹ̀ lọ. Windows sì máa ń fún ẹlòmíràn ní nọ́ńbà tí ẹnì kan ti lò tẹ́lẹ̀, nítorí náà tí òbí bá kéré sí ọmọ lọ́jọ́ orí, òbí kọ́ nìyẹn.

* * *

Ẹ jẹ́ ká mú orúkọ tí wọ́n kọ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, torí pé àwọn orúkọ yẹn kò ṣàjèjì.

esif_uf.exe: ti Intel ni, ara Dynamic Platform and Thermal Framework. Òun ló ń bá ṣíìpù, fáànù àti bátìrì ṣètò ooru àti agbára iná. Lórí àwọn ẹ̀rọ tó jẹ́ tuntun jù, ipf_uf.exe ni ẹ máa rí dípò rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá yọ ọ́ kò ní jó kọ̀ǹpútà rẹ̀, torí ààbò ooru tó kẹ́yìn wà nínú ṣíìpù gan-an. Àmọ́ ẹ̀rọ náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀ láìnídìí, tàbí kó máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ.

jhi_service.exe: Intel náà ni, Dynamic Application Loader, ó ń bá Management Engine, kọ̀ǹpútà kékeré tó wà nínú ṣíìpù Intel, ṣiṣẹ́. Ó jókòó sí kọ̀rọ̀ rẹ̀, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ nǹkan kan. Ẹ fi í sílẹ̀.

RtkAudUService64.exe: Realtek, ti ohùn. Ìdí tó fi ju ẹyọ kan lọ ni pé ọ̀kan jẹ́ service, ọ̀kan sì ń ṣiṣẹ́ lórúkọ ẹni tó wọlé sórí kọ̀ǹpútà. Tí ẹ bá pa ti Startup, ohùn á ṣì máa jáde; ohun tó lè sọ nù ni ìkìlọ̀ tó máa ń jáde nígbà tí ẹ bá ki wáyà agbọ́rọ̀sọ bọ ojú ihò.

SysInfoCap.exe àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, AppHelperCap, NetworkCap, DiagsCap: ti HP ni. Orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ nínú services.msc parí sí HSA Service. HSA dúró fún Hardware Support App, ìlànà tí Microsoft là sílẹ̀ fún gbogbo ilé iṣẹ́: ojú ètò náà á wá láti Microsoft Store, iṣan rẹ̀ á sì wá pẹ̀lú dráífà. Ìyẹn ló fà á tí èèyàn á fi yọ ètò kúrò nínú Settings, tí process rẹ̀ á sì ṣì wà níbẹ̀ bí ẹni pé kò gbọ́. Ojú ni wọ́n yọ, iṣan ṣì wà.

* * *

"Kí lẹ ń wàásù fún? Gbogbo rẹ̀ ìdọ̀tí ni. Ẹ yọ ohunkóhun tí orúkọ ilé iṣẹ́ bá wà lára rẹ̀, ẹ̀rọ á yára."

Mo ti mọ̀ pé ẹnì kan á sọ èyí. Kò fi gbogbo ara jẹ́ irọ́. Antivirus ìdánwò olóṣù kan, ètò tó ń polówó wárántì, ère tí ẹnikẹ́ni ò béèrè fún, ètò tó ń kó ìròyìn bí ẹ ṣe ń lo ẹ̀rọ ránṣẹ́ sílé: gbogbo ìwọ̀nyí ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó tà á, wọn ò ṣiṣẹ́ fún yín. Ẹ yọ wọ́n. Ti antivirus, ẹ má kàn jẹ́ kó gbó dànù fúnra rẹ̀. Ẹ lo irinṣẹ́ ìyọkúrò tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fúnra rẹ̀ gbé jáde, torí pé ó máa ń fi dráífà sílẹ̀ sí ojú ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì, Defender, antivirus ti Windows fúnra rẹ̀, kò sì ní jí dáadáa bí àlejò náà kò bá tíì jáde tán.

Ṣùgbọ́n "ohunkóhun tí orúkọ ilé iṣẹ́ bá wà lára rẹ̀" ti pọ̀ jù. Ẹ fi ìbéèrè kan yà wọ́n: tí èyí bá kú, ṣé ara ẹ̀rọ ló máa mọ̀ ọ́n, àbí ilé iṣẹ́? Bọ́tìnnì Fn tó ń tan ìmọ́lẹ̀ àti tó ń pa ẹ̀rọ gbohùngbohùn, fáànù, pátákó ìfọwọ́tọ́, ìdíwọ̀n bátìrì: ara ẹ̀rọ nìyẹn. AsusOptimization.exe, fún àpẹẹrẹ, orúkọ rẹ̀ dà bí ti àwọn ètò oníjìbìtì tó ń ṣèlérí láti mú ẹ̀rọ yára, bẹ́ẹ̀ òun ló ń gbọ́ bọ́tìnnì Fn lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká ASUS. Ọ̀pọ̀ ló ti pa á tán kí wọ́n tó máa wá ìdí tí bọ́tìnnì ìmọ́lẹ̀ fi ya adití.

* * *

Ìdí tó fi ń padà. Kò sí àjẹ́ níbẹ̀.

End task kàn pa ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ni, kò pa àṣẹ tó gbé e wá. Ẹ ṣí services.msc, ẹ tẹ service náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ wo Recovery. Níbi First failure, ẹ lè bá "Restart the Service" níbẹ̀. Windows rí ikú òjijì yẹn bí ìjàǹbá, ó sì jí i padà bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. Kí ẹ tó rí i láti PowerShell, ẹ kọ́kọ́ wá orúkọ tòótọ́ tí service náà ń jẹ́, torí èyí tí ẹ ń rí lójú kọ́ ni wọ́n ń pè é nínú ilé:

Get-CimInstance Win32_Service | Where-Object PathName -like "*SysInfoCap*" | Format-List Name, StartMode, PathName

sc.exe qfailure "orúkọ tó jáde"

Ẹ kọ sc.exe pátá, ẹ má kọ sc nìkan. Nínú Windows PowerShell, sc jẹ́ ìnagijẹ Set-Content. Ẹni tó bá kọ sc query àti orúkọ kan, fáìlì tó ń jẹ́ query ló máa dá sínú fódà tó wà, á sì rò pé àṣẹ òun ti ṣiṣẹ́.

Láti dá a dúró:

sc.exe config "orúkọ" start= disabled

Àlàfo tó wà lẹ́yìn àmì ọgbọọgba yẹn ṣe pàtàkì. Tí ẹ bá fẹ́ kó wà ní sẹpẹ́ láìjẹ́ pé ó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà, ẹ fi demand sípò disabled. Ìyẹn ni Manual tí ẹ ń rí nínú services.msc.

* * *

Lórí Manual àti Disabled, mi ò gbà pẹ̀lú àwọn tó ní Manual ló bójú mu ní gbogbo ìgbà. Service tó jẹ́ Manual ṣì lè jí tí ètò mìíràn bá pè é, tàbí tí trigger rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, irú bí kí íntánẹ́ẹ̀tì dé. Fún èyí tí ẹ ò mọ̀ bóyá ẹ ó nílò, Manual dára. Fún èyí tí ẹ ti mọ̀ pé ìròyìn ló ń kó lọ, Disabled ni.

Èmi ò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó lọ pa fáìlì rẹ́ nínú DriverStore. Windows ní àkọsílẹ̀ ohun tó wà níbẹ̀. Tí fáìlì bá sọ nù, dráífà náà ti yarọ nìyẹn, àtúnṣe tó bá tún wá lè kọsẹ̀. Tí ẹ bá ta kú pé ó gbọ́dọ̀ lọ, pnputil /enum-drivers á fi àkójọ hàn yín. Ẹ wá Original Name tó jẹ́ hpcustomcapcomp.inf, ẹ wo Published Name rẹ̀, irú bí oem27.inf, kí ẹ tó wá sọ pé:

pnputil /delete-driver oem27.inf /uninstall

Nọ́ńbà ẹ̀rọ kan kì í ṣe ti òmíràn, ẹ má daakọ 27 yẹn. Windows Update sì lè gbé e padà wá. Ìdí nìyẹn tí Disabled fi pẹ́ ju ìparẹ́ lọ.

* * *

"Tí òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ ńlá bá ti wà lára rẹ̀, kí ni a tún ń wá?"

Ó tì o. Òǹtẹ̀ ń sọ ẹni tó ṣe é ni, kò sọ pé ó ṣe é dáadáa.

Lórí àwọn kọ̀ǹpútà Lenovo kan tí wọ́n tà láàárín ọdún 2014 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2015, Superfish wà níbẹ̀ láti ilé iṣẹ́, VisualDiscovery.exe ni orúkọ process rẹ̀. Kó lè ti ìpolówó bọ inú ojú ìwé tí ẹ̀ ń kà, ó fi ìwé ẹ̀rí (certificate) tirẹ̀ sí àárín àwọn tí Windows fọkàn tán, ó sì ń ṣí ìsopọ̀ HTTPS (èyí tó yẹ kó wà ní títì) yín wò. Kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ kan náà ló wà lórí gbogbo ẹ̀rọ. Ní oṣù kejì 2015, Robert Graham, onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà, rí ọ̀rọ̀ aṣínà tó ń dáàbò bo kọ́kọ́rọ́ yẹn: komodia, orúkọ ilé iṣẹ́ tó ta ìmọ̀ ẹ̀rọ náà fún wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá wà lórí Wi-Fi kan náà lè fi kọ́kọ́rọ́ yẹn ṣe bí ẹni pé òun ni báǹkì yín. Lọ́dún 2017, Lenovo bá FTC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Amẹ́ríkà, yanjú ọ̀rọ̀ náà, ó sì san dọ́là mílíọ̀nù 3.5 fún ìpínlẹ̀ 32.

Ní oṣù kọkànlá 2015, ti Dell jáde: ìwé ẹ̀rí irú ti Superfish, tó ń jẹ́ eDellRoot. Tí ẹ bá pa ìwé ẹ̀rí náà rẹ́, tí ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn, ó ti padà. Fáìlì Dell.Foundation.Agent.Plugins.eDell.dll ló ń gbìn ín padà, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ.

Lọ́dún 2017, modzero, ilé iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà láti Switzerland, rí i pé MicTray64.exe, ara dráífà ohùn Conexant tó wà lórí àwọn kọ̀ǹpútà HP kan, ń kọ gbogbo bọ́tìnnì tí èèyàn bá tẹ̀ sínú C:\Users\Public\MicTray.log. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni pé kó máa gbọ́ bọ́tìnnì tó ń pa ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ohun tí àwọn olùṣètò fi ń ṣe àyẹ̀wò ni wọ́n gbàgbé sínú rẹ̀. HP gbé àtúnṣe jáde, àmọ́ ẹ wo bó ṣe rí: kò sí fáírọ́ọ̀sì, kò sí olè, òǹtẹ̀ pé, ọ̀rọ̀ aṣínà yín sì wà nínú fáìlì tí ẹnikẹ́ni lè kà.

Ti ASUS Live Update ló burú jù. Láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kọkànlá 2018, àwọn kan wọ inú ọ̀nà tí àtúnṣe ń gbà wá, wọ́n fi òǹtẹ̀ ASUS gidi lu ẹ̀dà tí wọ́n ti bà jẹ́. Kaspersky, ilé iṣẹ́ antivirus, kéde rẹ̀ ní oṣù kẹta 2019, ó sì pè é ní ShadowHammer. Nǹkan bí 600 àdírẹ́sì MAC (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) ni wọ́n ń wá. Orí ẹ̀rọ yòókù, ó kàn dákẹ́ ni.

Fún ìdí èyí, ètò ilé iṣẹ́ tí ẹ bá pinnu láti fi sílẹ̀, ẹ máa tún un ṣe. Èyí tí ẹ kò ní máa tún ṣe, ẹ yọ ọ́. Lọ́dún 2019, ihò kan wà nínú Dell SupportAssist, CVE-2019-3719, tó jẹ́ kí ẹni tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà lè mú kí ẹ̀rọ yín gba ètò tirẹ̀, kó sì ṣí i. Dell ti dí i, ṣùgbọ́n ẹni tó gbàgbé ẹ̀dà àtijọ́ sórí ẹ̀rọ kò jẹ nínú àtúnṣe yẹn.

* * *

Àyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ẹ ṣí certlm.msc, Trusted Root Certification Authorities, Certificates. Orúkọ mẹ́ta tó yẹ kí ẹ wá ni Superfish, eDellRoot àti DSDTestProvider (ti Dell náà). Lẹ́yìn náà, ẹ wo àmì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ní kọ́kọ́rọ́ lára, tí ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tó sì kọ "You have a private key that corresponds to this certificate", ẹ wádìí rẹ̀ kíákíá. Kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ aláṣẹ kò ní iṣẹ́ kankan lórí kọ̀ǹpútà yín, àfi tó bá jẹ́ ẹ̀yin tàbí antivirus yín ló dá a.

* * *

Ọ̀rọ̀ fífi Windows tuntun bò ó. Àwọn kan ní òun ni òpin wàhálà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lórí gbogbo ẹ̀rọ.

Reset this PC ò tó, lákọ̀ọ́kọ́. Ilé iṣẹ́ lè ti kó ètò rẹ̀ pamọ́ sínú C:\Recovery\Customizations, Reset á sì tún kó o jáde. Níbi tó bá ti béèrè "Restore preinstalled apps?", ẹ ní No.

Èyí tó dára jù ni USB tó tó 8 GB àti Media Creation Tool. Ẹ kò nílò kọ́kọ́rọ́ Windows, torí láti ìgbà Windows 8 ni ó ti ń wà nínú pátákó ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe nǹkan mẹ́ta ṣáájú. Ẹ kó dráífà yín pamọ́ sínú fódà tí ẹ ti dá sílẹ̀ lórí dísíìkì mìíràn:

pnputil /export-driver * D:\dráífà

Ẹ gba nọ́ńbà ìmúpadà BitLocker (ohun tí Windows fi ń ti dísíìkì pa) onídíjíìtì 48 sílẹ̀ sórí ìwé: manage-bde -protectors -get C: á fi hàn yín. Ẹ sì mọ̀ pé lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Intel láti ìran 11, tí VMD (ohun tí Intel fi ń darí dísíìkì) bá wà ní títàn nínú BIOS (ètò inú pátákó ẹ̀rọ tó ń jí kọ̀ǹpútà), Windows lè sọ pé òun kò rí dísíìkì kankan. Dísíìkì ò bàjẹ́ o; dráífà RST ti Intel ló kù, ẹ gbé e sórí USB kí ẹ sì tẹ Load driver.

Ẹ ṣe gbogbo èyí tán, ẹ wọlé, ètò ilé iṣẹ́ tún ń kí yín káàbọ̀. Báwo? WPBT ni. Láti ìgbà Windows 8, BIOS lè fi ètò kan lé Windows lọ́wọ́ nígbà tó bá ń jí. Windows á kọ ọ́ sí C:\Windows\System32\wpbbin.exe, á sì ṣí i. Microsoft dá a fún irú nǹkan bí ètò tó ń wá ẹ̀rọ tí wọ́n jí gbé. Lenovo lò ó fún Lenovo Service Engine, títí wọ́n fi yọ ọ́ ní 2015. Ní oṣù karùn-ún 2023, Eclypsium, ilé iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà, fi hàn pé pátákó Gigabyte púpọ̀ ń gbìn GigabyteUpdateService.exe lọ́nà kan náà, ọ̀kan nínú àdírẹ́sì tó ń lọ sì jẹ́ HTTP lásán, láìsí ìdáàbòbò kankan.

Tí wpbbin.exe bá wà lórí tiyín, inú BIOS ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Lórí Gigabyte, "APP Center Download & Install" ni; lórí ASUS, ẹ wá Armoury Crate lábẹ́ Tool. Ẹ pa á. Tí BIOS yín kò bá ní irú rẹ̀, ẹ ṣí Registry sí HKLM\SYSTEM\CurrentControlSet\Control\Session Manager, ẹ dá DWORD kan tó ń jẹ́ DisableWpbtExecution, ẹ fi 1 sí i. Tí ẹ bá tún Windows ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, 1 yẹn ti lọ, ẹ máa tún un fi sí i ni.

* * *

A ti gbàgbé WMI tó ń mú fáànù kùn.

WmiPrvSE.exe, ìyẹn WMI Provider Host tí ẹ rí, kì í ṣe ọ̀daràn. Akọ̀wé ni: ètò mìíràn á bi í pé báwo ni bátìrì, kí ló wà lórí dísíìkì, òun á lọ wò ó. Tí ẹ bá pa akọ̀wé, akọ̀wé mìíràn á jókòó. Ẹni tó ń béèrè ni kí ẹ wá.

Ẹ ṣí Event Viewer: Applications and Services Logs, Microsoft, Windows, WMI-Activity, Operational. Ẹ wo ìṣẹ̀lẹ̀ 5858. Àṣìṣe ló ń kọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ètò tó ń béèrè láìsinmi kì í ṣaláì ṣàṣìṣe. Nínú rẹ̀ ni ẹ ó ti rí ClientProcessId àti Operation, ìyẹn ìbéèrè náà gan-an. Ẹ ṣe é kí ẹ tó pa kọ̀ǹpútà, torí tí ẹ bá tún un tàn, nọ́ńbà yẹn ti di ti ẹlòmíràn:

tasklist /svc /fi "PID eq 4312"

Ẹ fi nọ́ńbà tiyín rọ́pò 4312.

* * *

OLÙBÉÈRÈ: Mo ti ṣe é. Gbogbo orúkọ tí mo kọ ní òǹtẹ̀, Valid ni gbogbo wọn. Kò sí wpbbin.exe. Nínú 5858, nọ́ńbà kan náà ló ń jáde, ìbéèrè rẹ̀ sì ni "select * from Win32_Product". Ètò olùrànlọ́wọ́ tó bá kọ̀ǹpútà wá ló ni ín, èyí tó ń kí mi pé wárántì mi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Òbí rẹ̀ ni svchost ti Schedule.

* * *

Win32_Product! Ìdí nìyẹn. Nínú gbogbo ìbéèrè tí èèyàn lè bi WMI, òun ló burú jù. Ẹni tó bá béèrè rẹ̀ rò pé àkójọ ètò lásán lòun gbà, ṣùgbọ́n Windows Installer á dìde, á yẹ gbogbo ètò MSI (èyí tí òun fúnra rẹ̀ gbé wọlé) tó wà lórí ẹ̀rọ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì tún èyí tó bá yẹ ní àtúnṣe ṣe. Ẹ wo Windows Logs, Application, orísun MsiInstaller, nọ́ńbà 1035. Ẹ ó bá a lọ́wọ̀ọ̀wọ́, àkókò rẹ̀ á sì bá ti fáànù yín mu.

Ẹ má fọwọ́ kan WMI. Ẹ má fọwọ́ kan esif_uf àti àwọn tó kù. Ẹ lọ sí Task Scheduler Library, ẹ wá fódà tó ń jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́, ẹ ṣí Actions kí ẹ rí èyí tó ń pe fáìlì yẹn gan-an, ẹ wo Triggers kí ẹ mọ iye ìgbà tó ń jí, kí ẹ sì tẹ Disable. Ẹ lè wá yọ ètò olùrànlọ́wọ́ náà láti Settings, Apps, tí kò bá sí ohun tí ẹ ń fi í ṣe, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo inú rẹ̀ bóyá ibẹ̀ ni ẹ ti fi ìdíwọ̀n bátìrì sí ìdá 80.

Ẹ lo ẹ̀rọ fún ọjọ́ kan. Tí 1035 bá ṣì ń jáde lọ́wọ̀ọ̀wọ́, kì í ṣe òun nìkan ló ń béèrè; ẹ padà sí 5858, ẹ mú ClientProcessId tuntun wá.